Bí Odile Pelchat Ṣe Sọ Abà Màlúù Di Kíláàsì

Ní gbogbo ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí Odile Pelchat fi jẹ́ akọ̀wé ilé-ìwé girama Perley Falls, kò sí ẹni tó wọ ibẹ̀ tí kì í ṣe ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yìn fèrèsé gíláàsì kan ló máa ń jókòó sí, awò ojú rẹ̀ á wà lọ́rùn, kọfí rẹ̀ á sì máa tutù lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Òun ló mọ ọmọ tí inú ń run lóòótọ́, òun náà ló mọ èyí tó ń sá fún ìdánwò ìṣirò. Bí ìyá àgbà kan bá pè láti ilé tí wọn kò ti gbọ́ ju Faransé lọ, Odile ni yóò dá a lóhùn, nítorí Faransé ni wọ́n fi tọ́ òun náà dàgbà. Iṣẹ́ náà tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń bà á nínú jẹ́ níbẹ̀, ìyẹn ìwé aláwọ̀ píńkì kan tó máa ń kó sínú dúrọ́ọ̀ kejì lápá òsì.

Ojú kan péré ni ìwé náà ní. Ọmọ tó bá ti dàgbà tó ní ojú òfin, tó fẹ́ fi ilé-ìwé sílẹ̀ láì parí, yóò buwọ́ lù ú, Odile yóò lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ pépà tó ń bọ́ ìlú náà ti kógbá sílé, tí ojú sì ti ń pọ́n àwọn ènìyàn, ìwé píńkì kì í pẹ́ tán mọ́. Odile máa ń pàdé àwọn tó ti gbà á. Ọ̀kan ń da epo sí ọkọ̀ lójú ọ̀nà Kánádà, ọ̀kan ń gé igi nínú igbó, ọ̀kan kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n á kí i tẹ̀ríntẹ̀rín, yóò sì máa ronú délé pé ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ kan ha wà tó yẹ kí òun ti sọ fún wọn lọ́jọ́ náà?

Òun gan-an mọ bí ìwé yẹn ṣe rí lọ́wọ́ ẹni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí àyà bàbá rẹ̀ kọ iṣẹ́, òun ni àkọ́bí, òfin ìgbà náà sì gbà á láyè, ó buwọ́ lu tirẹ̀, ó sì lọ ń to pépà ní ilé-iṣẹ́. Ìwé kíkọ tó dára àti Faransé ló gbé e dé ẹ̀yìn fèrèsé gíláàsì lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Kì í sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré ni Perley Falls, ohun tí ènìyàn kò sọ kò túmọ̀ sí pé àwọn ará ìlú kò mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù Kẹta ọdún kan, nígbà tí yìnyín ń yọ́ tí gbogbo ọ̀nà oko sì di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, Jolene Bickford dúró sí iwájú fèrèsé náà. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọbìnrin sìgbọnlẹ̀ ni, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, òórùn ìgbẹ́ màlúù a sì máa jáde díẹ̀ lára ẹ̀wù rẹ̀ bó ti wù kó fọ̀ ọ́ tó. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa ké bíi màlúù bó bá ń kọjá.

"Ẹ káàárọ̀, Mísísì Pelchat. Ìwé yẹn ni mo wá gbà."

"Ìwé wo?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n, mà."

"Ó ti tán. Padà wá lọ́jọ́ Ẹtì."

Jolene na ọrùn. "Mo ń wò ó lórí àga tó wà lẹ́yìn yín yẹn."

Odile bojú wẹ̀yìn. Òótọ́ ni. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló kó ìdì ìwé tuntun jáde, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó fa àga náà mọ́ra pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì jókòó lé gbogbo rẹ̀ lórí. "Ìwé wo lo rí?"

Ẹ̀rín fẹ́ yọ létí ẹnu ọmọ náà, ó gbé e mì.

"Wọlé wá jókòó," ni Odile wí. "Ṣé o ti jẹun?"

"Mo jẹun láago mẹ́rin."

"Aago mẹ́rin wo?"

"Ìdájí. Kí n tó fún wàrà."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ọ̀dọ̀ Dwight, àbúrò bàbá rẹ̀, ni Jolene ń gbé. Dwight ṣubú lórí yìnyín nínú oṣù Kìíní, egungun ìbàdí rẹ̀ kán, màlúù méjìléláàádọ́ta sì wà nílẹ̀ tí kò mọ̀ pé ọ̀gá wọn ń ṣàìsàn. Jolene ló ń fún wọn ní wàrà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ó ṣì ku kírẹ́díìtì mẹ́fà kó tó lè jáde, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan téèyàn bá yege nínú rẹ̀ fún odindi ọdún ni wọ́n fi ń gba ẹyọ kan.

"Bí mo bá wà níbí, kò sẹ́nì kankan lọ́dọ̀ àwọn màlúù," ni ó wí. "Bí mo bá wà lọ́dọ̀ wọn, Mísítà Tilley á kọ òdo fún mi. Ẹ jẹ́ kí n yan ọ̀kan, kí n lè rí oorun sùn."

"Tilley ní ò ń sùn nínú kíláàsì bàọ́lọ́jì òun náà."

"Mo ń sùn lóòótọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ń kọ́ wa bí ọmọ ṣe ń dàgbà nínú ikùn. Mo ti fi ọwọ́ ara mi fa mẹ́jọ jáde látìgbà ọdún tuntun."

Odile bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bí ọmọ bá há, báwo lo ṣe ń mọ ibi tó há sí? Inú ṣókùnkùn."

Ọmọ tí kì í sọ ju gbólóhùn méjì lọ sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ní bí ọwọ́ bá kan ẹsẹ̀, oríkèé méjì àkọ́kọ́ ni kéèyàn tẹ̀ wò: bí méjèèjì bá ká sí ọ̀nà kan náà, ẹsẹ̀ iwájú ni, bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síra, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni, á jẹ́ pé ọmọ ń fi ìdí bọ̀. Ó sọ ìgbà tó yẹ kéèyàn fà àti ìgbà tó yẹ kó jẹ́ kí ìyá sinmi. Ó sọ ti màlúù tí etí rẹ̀ tutù lẹ́yìn ìbímọ, tí kò lè dìde mọ́, nítorí gbogbo èròjà egungun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ti sáré lọ sínú wàrà. Odile kò mọ ìgbà tí òun mú bíró. Nígbà tí agogo dún, ó ti kọ ojú ìwé mẹ́ta.

"Lọ sí kíláàsì," ni ó wí. "Ìwé píńkì ò kúrò níbi tí mo wà. Fún mi lọ́sẹ̀ kan."

"Kí lẹ fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀."

Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, ìpínlẹ̀ New Hampshire ṣe òfin kan, Odile fúnra rẹ̀ ló sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìlànà ilé-ìwé náà. Nígbà tí Jolene lọ tán, ó dìde lọ síbi kábíńẹ́ẹ̀tì onírin, ó fà á yọ. Ohun tí òfin náà wí kò lọ́jú pọ̀. Bí ọmọ bá kọ́ nǹkan lóde ilé-ìwé, lọ́dọ̀ ará ìlú tó mọ̀ ọ́n, tí ẹ̀kọ́ náà jinlẹ̀ tó ti inú kíláàsì, tí ó sì fi ohun tó mọ̀ han olùkọ́ tó ní ìwé àṣẹ nínú iṣẹ́ náà, ilé-ìwé lè fún un ní kírẹ́díìtì. Wọ́n ti fọwọ́ sí i. Wọ́n ti tọ́jú rẹ̀. Eruku ló wà lórí rẹ̀.

Ọ̀gá ilé-ìwé, Corliss Strand, jẹ́ ènìyàn jẹ́jẹ́ tó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ kí ohunkóhun já lu òun kí ọdún méjì náà tó pé. Ó ka ìwé náà, ó yí i, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tí wọ́n fi ìdẹkùn sí.

"Odile, ta ló ti ṣe é rí?"

"Kò sẹ́nì kankan, Ọ̀gá."

"Kí ló dé tí kò fi sẹ́ni tó ṣe é?"

"Kò sẹ́ni tó béèrè."

Strand mí kanlẹ̀. "Bí Tilley bá gbà láti buwọ́ lù ú, èmi náà á gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀. Bí Tilley ò bá gbà, jọ̀ọ́, jẹ́ ká jọ gbàgbé rẹ̀."

Amos Tilley kì í ṣe ènìyàn jẹ́jẹ́. Ó ti kọ́ bàọ́lọ́jì fún ọdún mọ́kànlélógún, táì rẹ̀ kì í tú, kò sì fi máàkì ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ rí. Nígbà tí Odile bá a nínú yàrá rẹ̀, ó ń pa pátákó rẹ́.

"Jolene Bickford," ni ó wí. "Ẹni tó ń hanrun nínú kíláàsì mi."

"Òun náà ni."

"Odile, o mọ̀ pé mi ò kórìíra ọmọ náà. Ṣùgbọ́n fífún wàrà kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Bàbá mi náà fún wàrà títí ó fi kú, kò mọ ohun tó ń jẹ́ sẹ́ẹ̀lì."

"Kọ ohun tó yẹ kó mọ̀ sílẹ̀, kó le bó ṣe wù ọ́. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kọ òdo. Èmi ò ní bá ọ jà."

Ní ọjọ́ kejì, Tilley ju ìbéèrè ogójì sórí tábìlì Odile, ó sì ń lọ láì wẹ̀yìn. Odile kà wọ́n, kò mọ ìdáhùn tó ju méjì lọ nínú wọn.

Ó ku ẹni tí yóò kọ́ ọmọ náà. Dókítà ẹran kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo agbègbè náà, Greta Lindqvist, obìnrin kan tó máa ń sáré wakọ̀ bíi pé ẹṣin ń lé e. Orí fóònù ni wọ́n ti bára wọn sọ̀rọ̀, ariwo ọkọ̀ sì fẹ́ bo ohùn rẹ̀.

"Ọmọ Bickford? Ó ti ń bi mí ní ìbéèrè láti ìgbà tó ti jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọjọ́ Sátidé ni kó máa bá mi jáde. Kó múra, kó sì má ṣe máa jẹun nínú ọkọ̀ mi."

Ni Odile bá jókòó kọ ọ́. Òun kò kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí: ohun tí ọmọ yóò kọ́, ẹni tí yóò kọ́ ọ, wákàtí tí yóò lò, ìwé tí yóò kà, bí yóò ṣe fi han ayé pé ó yé òun. Ìgbà mọ́kànlá ló tún un kọ lórí tábìlì ilé ìdáná. Réal, ọkọ rẹ̀, tó ń tún ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ṣe láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti pa, jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà tó ti tutù fún ọjọ́ mẹ́rin láì ráhùn. Lọ́jọ́ karùn-ún ó béèrè.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe gómìnà ni?"

"Mo ń kọ kíláàsì."

"Kíláàsì kí ni?"

"Màlúù."

Réal ronú sí i. "Ó dáa," ni ó wí, "ó sàn ju gómìnà lọ," ó sì bu ẹ̀wà sí i.

Láàárín oṣù Kẹrin, ìgbìmọ̀ ilé-ìwé jókòó nínú yàrá ìkàwé. Márùn-ún ni wọ́n, nǹkan bí ọgbọ̀n ará ìlú sì wá gbọ́ ọ̀rọ̀, nítorí ìròyìn ti tàn. Strand ka ìwé náà sókè. Bó ṣe kà á tán ni Vaughn Esterbrook, ọ̀kan nínú àwọn márùn-ún náà, tó ni ṣọ́ọ̀bù irin àti ìṣó tó wà lójú títì, gbé ọwọ́ sókè.

"Mo fẹ́ràn màlúù," ni ó wí. "Mò ń jẹ wọ́n." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé yìí wà lára ohun díẹ̀ tí ìlú yìí ṣì ní lọ́wọ́. Bí a bá fi í fún ẹni tó ń fún wàrà, lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ó fi fún ẹni tó ń kan ìṣó. Àwọn tó wà ní ìlú ńlá á fi wá ṣẹlẹ́yà. Àti pé ta ló kọ ìwé yìí gan-an? Ká má tanra wa jẹ, gbogbo wa la mọra wa. Ẹni tó kọ ọ́, òun alára ò parí girama."

Strand ń wo bàtà rẹ̀. Etí Odile gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí, ó sì ń ronú pé òun lè dìde báyìí kí òun gba ẹnu ọ̀nà lọ sílé, kò sí ẹni tí yóò dá òun lẹ́bi. Ó dìde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Òótọ́ ni Vaughn sọ," ni ó wí. Ohùn rẹ̀ kò ga, wọ́n ní láti tẹ́tí. "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀. Akọ̀wé tó jókòó síbi tí mo ń jókòó sí lónìí fún mi níwèé, ó tún yá mi ní bíró. Ó ṣe dáadáa sí mi. Kò bi mí léèrè nǹkan kan. Láti ìgbà náà, èmi náà ti di ẹni tó ń yá àwọn ọmọ ní bíró. Àwọn kan wà nínú yín níbí tí mo ti gba ìwé píńkì lọ́wọ́ ọmọ wọn, mi ò ní dárúkọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé ká kọ́kọ́ bi ọmọ léèrè ohun tó mọ̀ kó tó lọ. Tilley ti kọ ìbéèrè ogójì. Èmi ò lè dáhùn rẹ̀. Vaughn, bóyá ìwọ lè dáhùn rẹ̀, mo mú ẹ̀dà kan dání."

Tilley ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ikọ́ bò ó. Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Esterbrook gba ẹ̀dà náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ká a sínú àpò. Nígbà tí wọ́n dìbò, ẹni mẹ́ta gbà, ẹni méjì kọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fi ọmọ kan dán an wò.

Báyìí ni Jolene ṣe bẹ̀rẹ̀. Ilé-ìwé jẹ́ kó máa dé láago mẹ́wàá. Ó ń bá dókítà ẹran káàkiri lọ́jọ́ Sátidé, ó ń ka ìwé tí Tilley yá a nínú abà láàárín fífún wàrà ti àárọ̀ àti oúnjẹ, Odile sì ń gba ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Ìwé náà a máa ní àbàwọ́n tí Odile kì í fẹ́ wádìí. Ọmọ náà ṣíwọ́ oorun sísùn nínú kíláàsì. Lọ́jọ́ kan ó tilẹ̀ bá Tilley jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ikùn mẹ́rin tí màlúù ní, àwọn tó máa ń ké bíi màlúù sì gbàgbé láti ké.

Ọjọ́rú kan ní ìparí oṣù Karùn-ún ni wọ́n dá fún ìfihàn. Aago mẹ́wàá, yàrá ìkàwé. Tilley ti jókòó, ìbéèrè rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Strand wà níbẹ̀, Odile ti se kọfí. Aago mẹ́wàá kọjá. Nígbà tó di mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú ogún, Strand ti ń wo ojú fèrèsé, ojú rẹ̀ sì ń sọ pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Fóònù dún. Odile gbé e.

"Mísísì Pelchat, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n." Jolene ń mí gùlegùle. "Ọ̀kan nínú àwọn màlúù ń rọbí látàárọ̀, ọmọ ò jáde. Dókítà Lindqvist wà lódì kejì odò, omi ti bo afárá. Mi ò lè wá."

Odile sọ ọ́ fún wọn bó ṣe gbọ́ ọ. Ó ń retí kí Tilley kó ìwé rẹ̀ nílẹ̀. Tilley kó o nílẹ̀ lóòótọ́. "Mọ́tò ta ló lè wọ ẹrẹ̀ nínú wa?" ni ó wí.

Mọ́tò akẹ́rù Réal tí Odile gbé wá síbi iṣẹ́ ni wọ́n gbé, àwọn mẹ́ta fún ara wọn síwájú. Nígbà tí wọ́n dé abà, Jolene wà lórí eékún nínú koríko gbígbẹ, ọwọ́ rẹ̀ kan wà nínú màlúù náà dé èjìká. Dwight jókòó sórí àga pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó di okùn orí màlúù náà mú. Jolene kò wò wọ́n.

"Ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì ti dé," ni ó wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Orí ló yí sẹ́yìn. Mo ti rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀." Ó tún ti ọwọ́ wọlé. "Mo já a léèékánná láàárín ìka ẹsẹ̀, kò fa ẹsẹ̀. Mo ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kò mu."

"Kí nìyẹn túmọ̀ sí?" ni Strand béèrè kẹ́lẹ́.

Tilley ló dá a lóhùn. "Ọmọ ti kú."

"Ìyá ò tíì kú," ni Jolene wí. "Mísítà Tilley, ẹ jọ̀ọ́, okùn yẹn. Kì í ṣe èyí tó nípọn."

Tilley bọ́ kóòtù rẹ̀ kọ́ sára ìṣó, ó kúnlẹ̀ sínú koríko pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó dára, ó sì na okùn sí i. Ó tó wákàtí kan gbáko. Jolene ń sọ ohun tó ń ṣe kí ó tó ṣe é: ó ti ara ọmọ padà sínú kí àyè lè wà fún orí láti yí, ó fi ọwọ́ bo eyín rẹ̀ kó má baà fa ilé-ọmọ ya, ó ní kí Tilley fà nígbà tí ìyá bá ń rọbí, kó sì dẹwọ́ nígbà tí ìrọbí bá dáwọ́ dúró. Ọmọ náà jáde. Akọ màlúù tó rẹwà ni, iwájú orí rẹ̀ funfun. Jolene fi koríko bò ó lójú, ó sì yíjú sí ìyá lójú ẹsẹ̀. Ó wá ẹ̀jẹ̀, kò rí ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, etí tutù, màlúù náà kò sì fẹ́ gbé orí. Ó mú ìgò oògùn tí dókítà fi sílẹ̀, ó pe dókítà náà, ó ní kí Odile di fóònù mú mọ́ òun létí, Lindqvist sì ń tọ́ ọ sọ́nà láti òdì kejì odò bó ṣe ń gún abẹ́rẹ́ sí iṣan ọrùn, tí oògùn ń kán wọlé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó fẹ́ tó ìdajì wákàtí, màlúù náà gbọn etí. Ó kó ẹsẹ̀ rẹ̀ jọ. Ó dìde, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó dúró.

Ìgbà náà ni Jolene jókòó ti garawa kan, ó sì bú sẹ́kún. Dwight na ọ̀pá rẹ̀, ó fi kàn án léjìká wẹ́rẹ́, nítorí kò lè dìde. Tilley wo ìbéèrè ogójì rẹ̀ tó ti lẹ̀ mọ́ra wọn nínú àpò. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni màá bi ọ́," ni ó wí. "Wẹ̀, kó o lọ sùn."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó bi í ní gbogbo rẹ̀, kò fo ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ọmọ náà ní òun kò mọ̀. Ọ̀kan ni orúkọ èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ilé-ọmọ sún kì.

"Mi ò mọ orúkọ rẹ̀," ni Jolene wí, "ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí wọ́n bá ń pariwo mọ́ màlúù tàbí tí ajá wà níbẹ̀, kì í ṣiṣẹ́."

Tilley dá bíró dúró. Ó kọ nǹkan. Máàkì tó fún un ni mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì buwọ́ lu kírẹ́díìtì sáyẹ́ǹsì kan. Inú bí Jolene nítorí mẹ́rìnlá tó sọnù. Ó lọ há orúkọ náà sórí, ó sì dá Tilley dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kejì láti kà á sí i létí. "Ó ti pẹ́ jù," ni Tilley wí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé Odile rí i láti ẹ̀yìn fèrèsé.

Jolene gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún tó tẹ̀ lé e. Lóde òní, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ ìtọ́jú ẹran ló ń lọ ní ìlú kejì, ó sì ń padà wá fún wàrà ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí ìbàdí Dwight kò rí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ìgbìmọ̀ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa bá a lọ. Wọ́n fún Odile ní yàrá kan tí wọ́n ti ń kó ìgbálẹ̀ sí tẹ́lẹ̀, kò ní fèrèsé, òórùn ọṣẹ sì ṣì wà níbẹ̀ títí di àkókò yìí. Kì í ṣe gbogbo kíláàsì tó kọ ló yọrí sí rere. Wendell Cray, bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún tó ń fi igi ṣe bàtà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń rìn lórí yìnyín, gbà láti kọ́ ọmọ ní ìṣirò títẹ igi, ṣùgbọ́n ó ní bí wọ́n bá gbé fọ́ọ̀mù wá bá òun, inú sítóòfù ni yóò lọ, ó sì gbé méjì síbẹ̀ lóòótọ́ kí wọ́n tó gbà pé ọmọ ni kó máa kọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ṣúgà láti inú omi igi, bẹ́ẹ̀ ẹja ló ń pa ní gbogbo wákàtí tó kọ sílẹ̀. Odile mú mọ́tò lọ wò ó létí odò, ó kí i, ó bi í bóyá ẹja náà dùn, kò sì fún un ní kírẹ́díìtì kankan. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta lọ ń kọ́ Faransé lọ́dọ̀ àwọn ìyá arúgbó ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Èébú ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í kun ètè de ọjọ́ tí wọn yóò wá. Láti ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti mú un wá tí wọ́n fi ń pe Odile ní Mémère, bí àwọn ọmọ ilé Faransé ti ń pe ìyá àgbà wọn.

Vaughn Esterbrook kò dìbò fún un rí títí di òní. Bí àwọn ọmọ bá wá ra ìṣó fún iṣẹ́ wọn, ó máa ń dín in fún wọn. Bí wọ́n bá dúpẹ́, ó ní ìṣó náà ti ń dógùn-ún tẹ́lẹ̀.

Ìwé píńkì kò parẹ́. Ọmọ méjì gbà á lọ́dún tó kọjá, Odile sì bá àwọn méjèèjì jókòó fún ọ̀sán kan kó tó lu òǹtẹ̀. Tilley ti sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹta pé ẹni tó ti kọ kíláàsì tó lé ní ogójì, bí kò bá yẹ fún kírẹ́díìtì, òun kò mọ ẹni tó yẹ, kó jẹ́ kí àwọn ṣe ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ fún un. Odile ní òun ń rò ó. Ó ṣì ń rò ó. Kò dà á láàmú. Láàárọ̀, ó máa ń ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn yàrá ìgbálẹ̀ náà, inú rẹ̀ á sì dùn kó tó rí ẹnikẹ́ni.

Ní oṣù Kẹwàá tó kọjá, nígbà tí ewé igi ti pupa tán tí ó ń jábọ́, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Maribel Soucy dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ń fi bàtà kan gbo èkejì.

"Mémère, wọ́n ní téèyàn bá ní ohun tó fẹ́ kọ́, ọ̀dọ̀ yín ni kó wá."

"Jókòó. Kí lo fẹ́ kọ́?"

"Ẹ má rẹ́rìn-ín o."

"Mi ò tíì gbọ́ ọ ná."

"Mo fẹ́ máa bá Alcide tó ń gbẹ́ sàréè ṣiṣẹ́. Mo ti bá a sọ ọ́. Ó ní ó dáa, tí mi ò bá ti máa sọ̀rọ̀ jù. Àwọn òkúta ibojì àtijọ́ tó wà lókè yẹn, kò sẹ́ni tó mọ gbogbo orúkọ ara wọn mọ́. Òun ló mọ̀ ọ́n. Kò kọ ọ́ síbì kan."

Odile kò rẹ́rìn-ín. Ó wo òrùlé yàrá náà, ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò bọ́ sí. Kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Ó lè jẹ́ ìṣirò díẹ̀, bí wọ́n bá wọn ilẹ̀.

"Ìtàn," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ìtàn ìlú ni. Olùkọ́ ìtàn yóò kọ́kọ́ kọ̀, má fòyà. Ọdún wo ni òkúta tó pẹ́ jù lókè yẹn?"

"Alcide ní Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́."

"Á jẹ́ pé èmi náà lè ràn ọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀," ni Odile wí. Ó fa bébà funfun kan síwájú, ó gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì bi í bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀.